Orúkọ Mẹ́tàlélọ́gọ́ta Nínú Agbo Ilé Ma'am Consing

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìbínú Jovita Gelvezon ti pọ̀ jù, ẹ bi í pé ìyá ta ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà lójú gbogbo ayé. Ṣé tiẹ̀ ni? Bí kì í bá ṣe tiẹ̀, kó lọ fi ẹnu rẹ̀ jẹ máńgòrò. Máńgòrò kò wọ́n ní erékùṣù Guimaras wa yìí.

Jovita kì í ṣe èèyàn ńlá. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni, kò lọ́kọ, kò bímọ, ohùn rẹ̀ sì máa ń wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Guimaras ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n òdìkejì omi, ní Iloilo, lẹ́bàá ọjà La Paz, ló ní ṣọ́ọ̀bù sí. Nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún, ó ń gbálẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan, irú èyí tí àwọn ọmọdé ń ju owó ẹyọ sí kí wọ́n tó lè gbá géèmù. Bó ṣe ń gbálẹ̀ ló ń wo ọwọ́ àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, àwọn yẹn ló wá ń wo ọwọ́ tirẹ̀. Títí dòní, kò sí ìwé ẹ̀rí kankan lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn oníwèé ẹ̀rí ló ń gbé kọ̀ǹpútà wọn wá bá a.

Iṣẹ́ tó jẹ́ kí àwọn atukọ̀ òkun mọ orúkọ rẹ̀ ni èyí tó ń pè ní agbo ilé. Ọ̀rọ̀ náà kò le. Íńtánẹ́ẹ̀tì tí à ń lò níbí, wọn kì í fún ilé kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́ẹ̀sì tirẹ̀; ọgọ́rùn-ún ilé ni wọ́n ń kó sábẹ́ ẹyọ kan. Ẹ lè ránṣẹ́ jáde, àmọ́ ẹni tó wà lóde kò lè kan ilẹ̀kùn yín, torí kò mọ èyí tó jẹ́ tiyín nínú gbogbo wọn. Atukọ̀ tó wà lójú òkun, tó fẹ́ wo àwòrán ọmọ rẹ̀ tó wà nínú kọ̀ǹpútà ilé, á wò ó tì. Jovita á wá fi áàpù kan sínú fóònù atukọ̀, á fi sínú kọ̀ǹpútà ilé, á fi sínú fóònù ìyàwó. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á ṣe kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, tí kì í fi han ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà lọ, ibi yòówù kí wọ́n wà láyé, wọn á wá ara wọn rí, wọn á sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní tààrà. Kò sí alárinà, kò sí elétí ọfẹ́ lójú ọ̀nà. Agbo ilé kan ṣoṣo ni, odi kan ló yí i ká, yàrá kan lè wà ní Guimaras kí èkejì wà lórí omi. Àjèjì kò tilẹ̀ lè rí odi náà, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé yóò fò ó.

Ó ṣe é fún ìdílé tirẹ̀ náà. Àpótí dúdú kékeré kan wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n nílé ìyá rẹ̀, ohun gbogbo ló wà nínú rẹ̀: àwòrán àtijọ́, fíìmù, ìwé ilẹ̀. Jovita ṣe ojú ewé kékeré kan tó ní bọ́tìnnì mẹ́ta, torí Delia àbúrò rẹ̀ tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Jeddah kò fẹ́ wàhálà. Ọ̀kan ni "Àwòrán," èkejì ni "Fíìmù," ẹ̀kẹta ni "Nanay."

Nanay ni ìyá wọn, Consolacion Gelvezon, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ma'am Consing ni gbogbo erékùṣù ń pè é. Ogójì ọdún ó lé kan ló fi kọ́ kíláàsì kẹta níléèwé àdúgbò wa. Kò sí ẹni tó ti lé lógójì ọdún níbí tí kò gba igi lọ́wọ́ rẹ̀. Kódà Kapitan Nonoy, olórí àdúgbò, tó ń pàṣẹ fún gbogbo wa, bó bá gbọ́ ohùn Ma'am Consing, á yọ ọwọ́ kúrò lápò. Lọ́dún tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá yìí. Apá òsì kò gbé nǹkan mọ́, ahọ́n wúwo. Rodel, àbíkẹ́yìn, àti Ging ìyàwó rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀ nílé. Nígbà tó ṣubú látorí bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀kejì, ní oṣù kẹwàá, Jovita gbé kámẹ́rà funfun kékeré kan lé orí kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá rẹ̀; inú àpótí dúdú ló ń tọ́jú ohun tó bá rí sí, bọ́tìnnì "Nanay" ló sì ń fi í hàn.

"Inday, kí nìyẹn?" ni ìyá bi í. Inday ni à ń pe ọmọbìnrin níbí, Toto ni ti ọmọkùnrin.

"Iná ni, Nay. Bí wọ́n bá mú iná lọ lóru, á tàn fún yín."

Irọ́ ni. Irọ́ kékeré, irọ́ onífẹ̀ẹ́, irú èyí tí gbogbo wa ń pa fún àgbàlagbà tí à ń rò pé a ti gbọ́n jù. Kò sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà kankan sórí kámẹ́rà náà. Odi ti yí agbo ilé ká, ta ló tún ń ti yàrá?

Kí kámẹ́rà yẹn tó dé, gbogbo Àbámẹ́ta ni Jovita ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá sílé. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ẹ ò ní jẹ búrẹ́dì tán kí ẹ tó gúnlẹ̀. Ìgbà tí kámẹ́rà dé, ó di ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù. Láti oṣù kejì sí oṣù karùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan péré ló wá. Kí ló ń wá ṣe? Ó ń rí ìyá rẹ̀ láràárọ̀ lórí fóònù nígbà tó bá ń mu kọfí.

Ohun tó sì ń rí náà ń dá ọgbẹ́ sí i lọ́kàn. Ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, Ging á gbé ìyá sórí póò, á sì jáde láti lọ gbé omi kaná. Ìyá á wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣìmí nìkan lọ́rùn, á na ìka sí ògiri, á bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ: "Galila, Nonito! Tupas, Erlinda! Dìde dúró dáadáa!" Àwọn mìíràn tó ń pè ti kú tipẹ́. Bó bá pè wọ́n tán, á ka ìsọdipúpọ̀, méje lọ́nà méje, méje lọ́nà mẹ́jọ. Jovita sunkún nítorí rẹ̀. Ó pe Delia ní Jeddah, ó ní, "Orí Nanay ti ń yí o. Ìyá wa ti ń ṣarán." Wọ́n jọ sunkún. Ẹ ṣáà ń gbọ́ mi: obìnrin tó mọ bí ẹ̀rọ méjì ṣe ń bi ara wọn ní ìbéèrè láti òpin ayé kan sí èkejì, kò bi ìyá tó bí i pé, Nay, kí lẹ̀ ń ṣe yìí?

Ọdún San Isidro, ẹni mímọ́ àdúgbò wa, wá dé. Ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ ọdún gan-an bọ́ sí, ọjọ́ Àìkú ni àwọn ọmọ iléèwé àtijọ́ máa pé jọ lábẹ́ òrùlé pápá ìṣeré, tí wọ́n á ti bu ọlá fún Ma'am Consing, tí òun náà á sì sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn ni Rodel pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Manang, ẹ bá mi ṣe nǹkan yẹn."

"Nǹkan wo, Toto? Mo wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Agbo ilé yín yẹn. Àwọn ọmọ Tiyo Berto ń bọ̀ láti Canada, wọ́n fẹ́ wo àwòrán Nanay àtijọ́. Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ tí gbogbo wọn lè fi wọlé."

"Èèyàn mélòó?"

"Mélòó ni wọ́n máa jẹ́, Manang? Ìdílé ni."

Bó ṣe yẹ kó rí ni pé ẹ̀rọ tuntun á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí Jovita fúnra rẹ̀ á fi sọ pé ó dáa, wọlé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ atukọ̀ mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó ṣe kọ́kọ́rọ́ kan tí kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun, tó lè ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méje, fún iye èèyàn yòówù. Ó fi ránṣẹ́ sí Rodel, ó gbàgbé rẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀. Jovita ló la ògiri, ẹ jẹ́ ká sọ òdodo ọ̀rọ̀.

Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, ọkùnrin kan láti Guimaras wá gba kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń jẹ siopao, búrẹ́dì ẹlẹ́ran, ó ń rẹ́rìn-ín sí fóònù rẹ̀.

"Manang, ẹ wá wo nǹkan. Ẹ máa rẹ́rìn-ín kú."

Jovita wò ó. Ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀, pẹ̀lú ṣìmí, lórí póò, ìka nínà sí ògiri. Wọ́n ti fi orin sí i. Wọ́n ti fi ojú ẹlẹ́rìn-ín tó ń da omijé yí i ká. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Ma'am Consing ṣì ń kọ́ àwọn òkú ní ìṣirò." Inú ẹgbẹ́ àdúgbò lórí fóònù, níbi tí à ń sọ ìgbà tí omi máa yọ àti ìgbà tí iná máa lọ, ibẹ̀ ni wọ́n jù ú sí. Ọgọ́rùn-ún mẹ́rin èèyàn ló ti rí i.

Jovita gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

"Kò tíì ṣe tán."

"Ṣebí ẹ ní lónìí—"

"Mo ní kò tíì ṣe tán! Gbé siopao rẹ, kó o bọ́ síta fún mi!"

Ó ti ilẹ̀kùn, ó sáré dé ibùdókọ̀ ojú omi. Orí omi ló ti ṣí fóònù rẹ̀ tó wo àwọn tó wà nínú agbo ilé. Ẹ gbà mí o. Ẹ̀rọ márùn-ún ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ó ń fi ìka fà á lọ sísàlẹ̀, kò tán. Ó tún fà á, kò tán. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta àjèjì ló wà nínú ilé ìyá rẹ̀. Orúkọ wọn sì wà níbẹ̀ rekete, torí àwọn èèyàn wa, bí wọ́n bá ra fóònù lónìí, lónìí náà ni wọ́n máa kọ orúkọ sí i, kó má baà pààrọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn níbi tí gbogbo ilé ti ń gba iná sí i. "Fóònù Kap Nonoy." "Bebot Ẹlẹ́ja." "Tábúlẹ́ẹ̀tì Sister Luz." "Pogi." Ìwé àpótí dúdú náà sì kọ bọ́tìnnì tí oníkálukú tẹ̀ sílẹ̀. Mẹ́fà péré ló tẹ "Àwòrán." "Nanay" ni gbogbo wọn tẹ̀.

Kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, ó ti lé gbogbo wọn síta, ó ti fọ́ kọ́kọ́rọ́ náà. Ó mọ̀ pé lílé tí òun lé wọn kò lè mú ohun tí wọ́n ti gbé lọ padà. Ikú yá ju ẹ̀sín, ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ máa ń sọ fún wọn ní kékeré nìyẹn.

Ẹnu ọ̀nà ilé ló ti rí ohun tí Rodel ṣe. Tapólì ńlá kan, gígùn rẹ̀ ju ọkọ̀ lọ, wà lára ọgbà. Ojú Nanay ló wà lórí rẹ̀, àwòrán ìgbà tó wà lọ́mọ ogójì ọdún. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ káàbọ̀ sílé Gelvezon! Kò sí àlejò lónìí! Ẹ wọ agbo ilé wa!" Kọ́kọ́rọ́ náà wà lábẹ́ rẹ̀, àmì onígun mẹ́rin dúdú-funfun tí fóònù ń kà, ó tóbi tó téńté tábìlì, kí fóònù lè rí i láti títì. Bí ọmọ bá yege nídàánwò níbí, tapólì ni. Bí ẹnìkan bá ti Canada dé, tapólì ni. Ṣùgbọ́n ta ló tíì gbọ́ ọ rí, kí èèyàn ya kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sórí tapólì?

Ìró bó ṣe ń fà á ya ló mú Rodel jáde, tòun ti egungun ẹlẹ́dẹ̀ lọ́wọ́.

"Manang! Tapólì mi! Kí ló dé?"

"Kí ló dé? Ìwọ ẹran yìí! Ta ló ní kó o gbé kọ́kọ́rọ́ síta?"

"Ọjọ́ ọdún kọ́ ni? Ta ló ń ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ San Isidro? Ẹni tó ṣìnà pàápàá, àwo oúnjẹ la ó kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́ ká tó bi í lórúkọ. Mo rò pé ó dà bí íńtánẹ́ẹ̀tì tá a ń fún àlejò ni. Mo fẹ́ kí wọ́n rí àwòrán Nanay!"

"Wọ́n rí Nanay! Wọ́n rí i dáadáa!" Ó na fóònù sí i lójú. "Wò ó! Kó o wò ó tán!"

Rodel wò ó. Egungun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ajá gbé e lọ. Kò ní èrò ibi lọ́kàn, èyí gan-an ló mú kí inú Jovita túbọ̀ ru. Ẹni a ní kó féni lójú, ó fi ata sẹ́nu. Bó bá jẹ́ ọ̀tá ló ṣe é, èèyàn á mọ ibi tí yóò gba mú.

Ẹnu èyí ni wọ́n wà tí Kapitan Nonoy fi dé, ó fi àwo ìrẹsì aládùn dání, ojú rẹ̀ ro bí ojú ẹni tó wá kẹ́dùn.

"Inday Jovita, ẹ kú àtìpó. Ọ̀rọ̀ ọ̀la ni mo bá wá. Àwa ìgbìmọ̀ rò ó pé... ẹ ẹ̀ rí i, pẹ̀lú ipò tí Ma'am wà yìí, bóyá kí wọ́n kúkú sinmi nílé. A ó gbé àmì ẹ̀yẹ náà wá bá wọn. Kí ojú má baà tì wọ́n."

"Kap, ipò wo?"

"Ìyẹn... a gbọ́ pé orí wọn..."

"Ẹ gbọ́ ni àbí ẹ rí? Fóònù yín dà, Kap?"

"Fóònù mi?"

"Ọjọ́ Ẹtì, aago kan kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, Fóònù Kap Nonoy wọlé wa. Ó tẹ bọ́tìnnì ìyá mi lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án, Kap! Kí lẹ̀ ń wá lára ìyá àgbà tó wà lórí póò?"

Kapitan ní, "Àwọn ọmọ ló gba fóònù lọ́wọ́ mi."

"Ẹ̀yin lẹ bí àwọn ọmọ náà ni àbí ojú ọ̀run ni wọ́n ti já bọ́?"

Nígbà náà ni ohùn jáde láti inú yàrá, ó wúwo, ó falẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn náà ni. "Nonito. Gbé ìrẹsì yẹn lọ sílé. Inday, wá."

Kapitan gbé ìrẹsì. Kò tilẹ̀ juwọ́.

Ìyá jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ó ti wọ aṣọ, irun rẹ̀ ti wà ní dídì. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ látojú fèrèsé. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, Jovita gbé fóònù lé e lọ́wọ́. Ó wo ara rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tòun ti orin tí wọ́n fi sí i. Kò sunkún. Jovita ló ń sunkún.

"Wọ́n rò pé wèrè ni mo ya," ni ìyá sọ.

"Nay, ẹ má dá wọn lóhùn."

"Obìnrin tó ń kọ́ mi lọ́rọ̀ sísọ nílé ìwòsàn ló ní kí n máa sọ̀rọ̀ sókè lójoojúmọ́, kí ahọ́n lè tú. Ó ní kí n ka nǹkan tí mo bá mọ̀ lórí. Kí ni mo mọ̀? Mo mọ orúkọ kíláàsì mi àkọ́kọ́. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń ṣe é. Lọ́la ni mo fẹ́ pe orúkọ náà fún wọn, tààyè tòkú, kí n pè é já geere." Ó dúró kó lè mí. "Mi ò fẹ́ kí Ging gbọ́ mi kó tó mọ́ mi lẹ́nu. Orí póò nìkan ni wọ́n ti ń fi èmi nìkan sílẹ̀. Níbo ló tún kù tí mo fẹ́ ti ṣe é?"

Jovita jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Oṣù mẹ́ta. Láràárọ̀ ló ń wò ó. Òun ló pe Jeddah, òun ló ní orí ìyá ti ń yí. Ó ń bínú sí Rodel, sí Kapitan, sí ọkùnrin onísiopao. Ṣùgbọ́n ìbínú kan wà lábẹ́ gbogbo ìyẹn tí kò fẹ́ yí padà kó wo ojú rẹ̀.

Ìyá gbé ojú sókè, ó wo nǹkan funfun tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù.

"Iná yẹn," ló wí. "Ta làwọn tó fi wò mí?"

"Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni wọ́n, Nay. Mo ní orúkọ wọn."

"Àwọn nìkan?"

"Orúkọ wọn wà lọ́wọ́ mi, Nay."

Ìyá ń wò ó. Ogójì ọdún ó lé kan lojú yẹn ti fi ń wo ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. "Tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé fún mi," ló wí níkẹyìn. "Kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi."

Jovita tẹ̀ ẹ́ nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, ojú ewé mẹ́rin. Àwọn ẹ̀rọ ìdílé ló wà lókè pátápátá, bí wọ́n ṣe wọlé ní tẹ̀léǹtẹ̀lé: fóònù Jovita fúnra rẹ̀ ló ṣáájú, tó ti ń tẹ "Nanay" láti oṣù kẹwàá. Ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé òkè ìwé náà kúrò, ó sọ ọ́ sínú ààrò.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọn kò retí Ma'am Consing. Àmì ẹ̀yẹ ti wà nínú ọ̀rá, wọ́n ti ń pín ẹran. Ni Rodel bá ń ti kẹ̀kẹ́ àwọn arọ bọ̀ láàárín pápá, ìyá jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ olùkọ́ aláwọ̀ búlúù, bàtà rẹ̀ ń dán. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní ẹ̀yìn ń rẹ́rìn-ín sínú ọwọ́. Kapitan sáré wá bẹ̀ ẹ́ pé oòrùn mú. Ìyá na ọwọ́ fún ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Kapitan gbé e fún un, ó padà lọ jókòó. Kí ló fẹ́ ṣe? Kò tíì sẹ́ni tó kọ̀ fún un rí.

"Ẹ káàsán, kíláàsì."

Igba èèyàn ló wà níbẹ̀, àwọn tó ní ọmọ ọmọ wà nínú wọn. Igba èèyàn ló dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Ẹ káàsán, Ma'am Consing!" Ẹnu wọn ló dáhùn, wọn kò tíì rò ó.

Ó ṣí ìwé. "Mo fẹ́ pe orúkọ. Ẹni tí mo bá pè, kó dìde." Ó falẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń jáde lódindi. "Fóònù Kap Nonoy."

Kapitan ń wo ẹ̀yìn ara rẹ̀.

"Fóònù Kap Nonoy!"

Kapitan dìde, ó ti pọ́n bí ata. "Mo wà, Ma'am."

"Wà lórí ìdúró. Bebot Ẹlẹ́ja."

"Mo wà, Ma'am."

"Tábúlẹ́ẹ̀tì Sister Luz." Sister Luz, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ẹ̀kọ́ ìsìn, ti ń sunkún kó tó nàró. "Pogi." Arẹwà ọkùnrin lọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí, ọlọ́pàá kan tó sanra, tó pá lórí, ló dìde, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó ń pè wọ́n lọ. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ní ẹ̀yìn dìde, wọn kò mọ ibi tí wọ́n máa kojú sí. Ẹni tó ń sọ ìtàn yìí fún yín náà dìde, ẹnì kọkàndínlógún ni wọ́n pè mí, tèmi tìyàwó mi, mo sì ní mo wà, Ma'am. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mo fi tẹ̀ ẹ́. Gbogbo wọn ń tẹ̀ ẹ́ ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí ẹni kẹtàlélọ́gọ́ta dìde, ìyá ká ìwé náà, ó fi sí itan.

"Ohun tí ẹ rí mi tí mò ń ṣe, ẹ̀yin ni mò ń ṣe é sílẹ̀ dè. Orúkọ yín ni mò ń kọ́. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n pè dáadáa." Ó mí. "Ẹni kan ló kù."

Jovita wà lẹ́bàá òpó, níbi tí wáyà gbohùngbohùn gbà, ó ká apá mọ́ àyà. Láti ìgbà tí ìyá ti ń pe orúkọ ló ti ń wo oníkálukú bó ṣe ń dìde, inú rẹ̀ ń dùn, inú rẹ̀ sì ń ru, ó ń kà wọ́n sọ́kàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo ìwé tó wà lórí itan ìyá rẹ̀. Kò sí orúkọ mìíràn nínú rẹ̀, òun ló tẹ̀ ẹ́.

Ìyá kò wo ìwé kankan.

"Gelvezon, Jovita."

Gbogbo pápá yíjú. Rodel tẹjú mọ́lẹ̀. Jovita tú apá rẹ̀ sílẹ̀, ó gbìyànjú láti sọ pé torí kí ẹ má baà ṣubú ni, Nay, torí mo fẹ́ràn yín ni, ṣùgbọ́n ìyá kò bi í ní ìyẹn.

"Gelvezon, Jovita!"

"Mo wà, Ma'am," ni Jovita wí.

"Wà lórí ìdúró."